Pọ́n-ùn Mẹ́rin Àbọ̀

Ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Crewe, ọjọ́ Sátidé, òjò ń ṣẹ́ winniwinni,
wọ́n to reluwé sórí tábìlì bí ẹni to ẹja gbígbẹ.
Àwọn tó ṣì wà nínú páálí, tí ọ̀dà ara wọn ń kọ mọ̀nà,
n kò tilẹ̀ kí wọn.
Ẹni tí yóò rà wọ́n kò ní jẹ́ kí wọ́n rìn:
inú àpótí dígí ni yóò kó wọn sí,
yóò máa ṣọ́ wọn bí wọ́dà.

Abẹ́ tábìlì ni ọjà tèmi wà,
nínú agbọ̀n àwọn tó ti bàjẹ́.
Mo bẹ̀rẹ̀. Orúnkún mi dún kẹ́kẹ́.
Mo fa ẹ́ńjìnnì pupa kan jáde, páànù lásán,
kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ,
ìpẹtà ti jẹ ẹ́ létí,
kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.
Ihò kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò sí.

"Márùn-ún," ni Wilf Ollerenshaw wí, ẹni tó ni àtẹ.
"Mẹ́rin," ni mo wí.
Ó wo orúnkún mi, ó wo bàtà mi tó rin gbingbin.
"Mẹ́rin àbọ̀. Màá fi irin ojú ọ̀nà mẹ́jọ sí i."
A bọ ara wa lọ́wọ́ bí ẹni tó ra ilẹ̀.

Àrìnpé ní àgbà tó bá ń ra ohun ìṣeré
kó yáa wá ẹni tí yóò bá a ṣeré.
Ó sọ ọ́ tán, ó palẹ̀ tábìlì mọ́ fún mi.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ìpẹtà,
mo kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí i, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán méjì.
Mo fi kọ́kọ́rọ́ aago ògiri dán an wò, ó tóbi jù.
Ti àpótí, ó tín-ín-rín jù.
Ìgbà tó yá ni mo rántí kọ́kọ́rọ́ idẹ tí onílé fún wa
láti fi tú afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀rọ amúlémóoru.
Ó wọlé kọ́sẹ́kọ́sẹ́!
Mo yí i. Sípíríngì inú rẹ̀ kérora bí ẹni tí wọ́n jí lóru.

Bàbá mi di àsíá mú ní Lalúpọ̀n fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Pupa, kí irin dúró. Àwọ̀ ewé, kí irin máa lọ.
Ó rán ènìyàn lọ sí Kánò, ó rán wọn lọ sí Ìdó,
òun fúnra rẹ̀ kò ré kọjá Ìwó.
Bí a bá bi í, á ní, "Ìrìn ni ti irin. Ìdúró ni tèmi."

Mo wá ohun aláwọ̀ ewé káàkiri ilé ìdáná.
Ewé àlùbọ́sà tí Àrìnpé ń gé ni mo rí.
Mo gbé e sókè, mo tú ìjánu sílẹ̀:
fàkàfìkì, fàkàfìkì, ó yí ìgò iyọ̀ po,
ó dé kọ́nà, ó já bọ́ sínú àwo ṣúgà.
A gbé e dìde. Ó tún ṣubú.
Àrìnpé ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ariwo ló mú un wá.
Doreen Sproston ni, opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa,
tí ọkọ rẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún kun reluwé lọ́dà ní ìlú yìí.
Ó wo tábìlì títí, kò sọ nǹkan kan.
Ó gbé ẹ́ńjìnnì náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.
"Ẹ̀yìn lẹ fi ń wà á," ló wí, ó sì jókòó.

Bí ó ṣe ń dákẹ́, a ń yí i,
ọwọ́ mẹ́ta ń du kọ́kọ́rọ́ kan.
Ilé tutù bí omi kànga.
Kò sẹ́ni tó rántí iṣẹ́ tí onílé torí rẹ̀ fi í sílẹ̀.