Kọ́ Ni Ó Ń Wí

Ìdájí Ọjọ́rú, lẹ́yìn ọjà pákó Bódìjà,
èérún igi ṣì tutù nílẹ̀ bí ẹ̀bà àná.
Yẹkínì gun orí lọ́rì rẹ̀ àtijọ́,
ó yí kọ́kọ́rọ́.
Lọ́rì ní: kọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kò wúkọ́, kò kérora.
Ó tún un yí. Kọ́.
Ọgọ́fà pákó ìrókò wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń lọ sí Olómi,
oníbàárà sì ti ń pe fóònù láti ìgbà ìrun àsùbáà.

Ní Ìbàdàn, ọkọ̀ tó kú kì í wá dókítà tì.
Alábàárù kan ní bátìrì ni.
Ọkùnrin tó ń pọ́n eyín ayùn ní sítátà ti jóná,
kí wọ́n gba Agodi Géètì lọ, kí wọ́n ra tòkúnbọ̀.
Ìyá kan tó ru omi kọjá, tí kò tilẹ̀ dúró,
ní ṣé wọ́n ti bu epo sí i.
Èmi Múkáílà, rìwáyà abẹ́ igi dọ̀ngóyárò,
wọ́n bá mi nídìí búrẹ́dì àti ẹ̀wà.
Mo ní ẹ jẹ́ n jẹun tán.
Ọkọ̀ tó kọ̀ kò ní sá lọ.

Mo tan iná iwájú, ó mọ́lẹ̀ yòò lára ògiri.
Mo ní kí Yẹkínì yí kọ́kọ́rọ́, mo tẹjú mọ́ iná:
bí bátìrì bá ti rẹ̀, ojú iná á wálẹ̀
bí ojú ẹni tí oorun ń kùn.
Kò wálẹ̀.
Bátìrì? Kọ́.

Mo rá wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú sítátà sọ̀kalẹ̀,
ó wúwo lórí àyà mi bí ọmọ ọdún méjì.
Láídì ọmọṣẹ́ mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀,
mo fa wáyà méjì láti bátìrì wá kàn án:
fììì! ó fò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ.
Sítátà? Kọ́.
A dè é padà. Yẹkínì yí kọ́kọ́rọ́.
Kọ́.

Nílẹ̀, ó ń yí. Lára ọkọ̀, kò yí.
Mo jókòó lórí táyà, mo ń ro ó.

Mo ní, Yẹkínì, kí lo ṣe sí ọkọ̀ yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta?
Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan.
Ó dákẹ́.
Ó ní, àfi ọ̀dà.

Ọ̀dà pupa, láti orí dé abẹ́,
torí àwọn kan fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ onílọ́rì.
Okùn bàbà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáàsì,
ẹni tó kùn ún tú u, ó kun ojú irin dáadáa,
ó wá dè é padà lé ọ̀dà lórí.

Ẹ́ẹ̀tì là ń pè é nídìí iṣẹ́ wa. Ilẹ̀ ni.
Iná tó bá ti bátìrì jáde gbọ́dọ̀ rọ́nà padà sílé.
Bí kò bá rí ọ̀nà àbọ̀, kò ní lọ rárá.
Ó gbọ́n ju ọmọ ènìyàn lọ.

Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi fi eyín hàn mí.
Yẹkínì yí kọ́kọ́rọ́,
lọ́rì tu èéfín dúdú lé gbogbo dókítà lórí.

Owó? Ó ní tí òun bá ti Olómi dé.
Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ èékánná mi títí di Ọjọ́ Ẹtì
kí ó tó mú ìdajì wá, àti àpólà ìrókò kan,
ó ní kí n fi ṣe ìjókòó.
Orí rẹ̀ ni mo wà báyìí.
Ó ń mì díẹ̀.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò kan ilẹ̀ dáadáa.