Ohun tí Rédíò Kò Kà

Rédíò ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà tó papòdà:
ó gbin ẹ̀pà, ó jẹ gómìnà, ó wọlé ìbò,
ó mú ọ̀tá méjì jókòó sídìí tábìlì kan,
wọ́n fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà nígbà ogbó.
Ìye Olúborí ń ṣa kọfí lórí àpáta ní Ògìdì.
Kò gbójú sókè.
"Ṣé wọ́n ti dé ibi omi?"

Mo ní, Ìye, omi wo?

Ó ká ìró rẹ̀ sókè.
Àpá kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó lọ́ bí òwú tí abẹ́rẹ́ já sílẹ̀.
"Ọdún tí sòbìyà so mí mọ́lẹ̀,
iṣu mi jẹrà nínú ebè,
mo ń rákò lọ sẹ́yìn ilé bí ọmọ ọwọ́.
Àwọn ọmọ kan gun alùpùpù dé,
wọ́n pín aṣọ asẹ́, funfun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.
Wọ́n ní bàbá kan tó ti kúrò lórí oyè
wà lára àwọn tó rán an.
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ní ń fi àkísà jagun?
Mo ṣáà dè é mọ́ ẹnu ìkòkò."

Rédíò ti bọ́ sórí bọ́ọ̀lù.
"Nígbà tó wà lórí oyè, n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.
Bu omi wá."

Omi ẹ̀rọ ni mo bù, ó mọ́ gaara.
Ó fa aṣọ kan yọ lábẹ́ ìró,
ó sẹ́ ẹ,
kó tó mu ún.