Má Kọ Ọ́, Ta Á

Bírò búlúù ni Àǹtí Fárónkẹ́ fi kọ ọ́
sẹ́yìn ìwé oògùn, ní ọjọ́ kẹsàn-án
tí dókítà yọ ohun tó yọ nínú ọ̀fun rẹ̀:
"Orin ọkọ̀ ojú irin yẹn. Má kọ ọ́. Ta á."
Ó wá fàlà sí ìdí "ta á" lẹ́ẹ̀mejì,
bí ẹni ń kìlọ̀ fún ọmọ tó fẹ́ sọdá títì.

Kò sẹ́ni tí kò mọ orin náà ní Ayétòrò.
Ẹ̀wà ló máa ń ṣà lórí àtẹ tó bá ń kọ ọ́,
òkúta a bọ́ sọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ a bọ́ sósì:
"Ọkọ̀ dé, kò gbé e dé."
Ẹsẹ mẹ́fà, ohùn orin kan ṣoṣo.
Kò sú wa rí,
torí aṣọ tó wọ̀ lọ ló wà ní ẹsẹ kìíní,
bàtà ní ìkejì, gbèsè ní ìkẹta.
Nígbà tó bá fi máa kan lẹ́tà tó wá láti Kàfáńṣàn,
ẹ̀wà ti dúró sọ́wọ́ gbogbo wa.

Mo gbé gìtá. Mo ta á bó ṣe ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́.
Ẹsẹ kìíní dùn.
Ní ìkejì, èékánná ara mi ni mò ń gbọ́.
Ní ìkẹta, ewúrẹ́ Ìyá Gàníyù dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.
Kò sáṣọ níbẹ̀ mọ́, kò sí bàtà, kò sí gbèsè;
re, dò, mí; dò, mí, re, mí,
bí ẹni ń ka owó tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọ tó ń ta omi ọlọ́ràá dúró lẹ́nu ọ̀nà.
"Bọ̀dá, ejò wo ló dé?"
Mo ní kì í ṣe ejò, ọkọ̀ ni.
Rájí tó ń jó irin lódìkejì ní ọjà lòun gbọ́.
Mo fẹ́ bínú.
Àmọ́ re-dò náà ni gbogbo wọn, ta ni n ó bá jà?
Mo wá rántí bó ṣe máa ń yọ lẹ́yìn Sábó
wọ ibùdókọ̀ Òṣogbo,
gígùn, dúdú, tó ń fàyà fà.
Ọmọ náà ò kúkú purọ́.

"Dé" tó gbẹ̀yìn nìyọnu.
Àǹtí a fà á, a fà á, bí ìgbà tí wọ́n ń da oyin,
títí ọkọ̀ á fi kọjá afárá.
Okùn gìtá kò ní ẹ̀dọ̀fóró.
Kí n tó ka ení, èjì, ó ti kú.
Mo gbọ̀n ọ́n. Mo ta á léraléra, wìrìwìrì,
ó dà bí ẹni tí òtútù mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Mo gbé ẹsẹ kejì sọ̀ sórí okùn tó nípọn,
níbi tóhùn ọkùnrin wà,
kí ẹni tó lọ náà lè rí nǹkan fèsì.
Mo ní kí àtàǹpàkò máa ṣe irin lórí irin.
Gbèsè, mo yọ ọ́ dànù. Bàtà náà.
Lẹ́tà dùn mí, n ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi okùn kàwé:
mo fi òfo sípò rẹ̀, ìmí méjì, ọwọ́ lórí okùn.
"Dé" ìkẹyìn, n ò ta á.
Ṣebí kò dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, òjò ń ṣú bọ̀ láti Òkè-Báálẹ̀.
Ó dijú. Àtẹ wà lórí itan rẹ̀.
Níbi òfo, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ka lẹ́tà náà.
Níbi "dé", ó ju òkúta kan sínú agolo:
ko.
N ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ó wá bírò kiri, ó rí i nínú irun ara rẹ̀.
"Ó yá jù," ló kọ.
"Ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn kì í sáré."