Ìbọn Onípọ́ǹpù Láti Kìlìbọ̀

Wọ́rù gbé e wọlé nínú àpò sìmẹ́ńtì
lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bo àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ tí a kò rí orí rẹ̀.
Kò kí mi tán. "Wọ́n ti di ìbọn yìí, Bàbá Lúsíà.
Á yìn lẹ́ẹ̀kan, á ya odi."

Mo ní kó jókòó. Mo ní kó má tíì pe ayé.
Ayé níṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe
ju kó máa rá wọnú irin òyìnbó lọ.

Mo kọjú ẹnu rẹ̀ sí òkìtì yanrìn,
mo fà á sẹ́yìn, mo wo ihò,
mo tún ti ìka bọ̀ ọ́, nítorí ojú a máa purọ́.
Ọ̀gá mi ní Pàràkú, ìka mẹ́ta ló kù ún lọ́wọ́ ọ̀tún;
òun ló kọ́ mi pé ìbọn tí a ní kò lọ́ta nínú
ni í pa ará ilé.

"Èló lo rà á?"
Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún sẹ́fà, lọ́wọ́ opó ọdẹ kan ní Kìlìbọ̀.
Obìnrin náà kò ná an. Ó ní kó ṣáà gbé e lọ.

Mo to ọta ìdánwò mẹ́ta sí i, yanrìn ló wà níkùn wọn.
Fà. Tì. Èkíní wọlé bí ọmọ tí a fi oúnjẹ pè.
Fà. Èkejì ń họ inú ọ̀pá, mo gbọ́ ọ,
kò jáde.
Mo gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì.
Kò jáde.

Etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí, ojú ti ń rẹ̀ mí.
Bó bá jẹ́ èékánná tó ń gbé ọta ló jẹ, á dún gbẹ: kó!
Bó bá jẹ́ pé òjò ló wú ọta,
ẹnu ọ̀nà ni ì bá ti há.
Eléyìí rọ̀. Eléyìí ń kùn
bí ẹni tí a faṣọ dí lẹ́nu.

Mo tú ìdérí ọ̀pá, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́,
torí resóò inú rẹ̀, irin tó ká bí ejò,
a máa fò. Ó ti gba eyín lẹ́nu ọmọṣẹ́ mi kan.
Mo gbé ìka kúrò.
Kò fò.

Mo fi wáyà kẹ̀kẹ́ kọ́ ọ jáde. Ilé agbọ́n ni mo rò.
Aṣọ ni: etí ìró aláró,
tí wọ́n ká, tí wọ́n rán, tí wọ́n kì sáàárín resóò.
Eku kì í mú abẹ́rẹ́.

"Ẹ ò rí i! Ẹ ò rí i pé wọ́n dì í!"
Mo tú òwú náà. Kò sí ewé níbẹ̀, kò síyẹ̀ẹ́,
òórùn kànáfùrù nìkan.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ọkọ obìnrin náà.
Létí odò Ọ̀pàrà, ọdún tí oko ọkà jóná,
ó yìn sí igbó tó mì, ó ní etu ni.
Ó tún un yìn kó tó lọ wò ó.
Àbúrò rẹ̀ ni.
Èjìká ni ti àkọ́kọ́ bà.
Nítorí ti èkejì la ṣe gbẹ́lẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ló tún fi ṣọdẹ lẹ́yìn ìyẹn
pẹ̀lú ìbọn tó ń yìn lẹ́ẹ̀kan.
Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń gba iwájú ilé mi kọjá,
kò gbé e wá rí.
Bóyá kò mọ̀. Bóyá ó mọ̀.

Mo nu ọ̀pá, mo na resóò, mo kán òróró díẹ̀ sí i.
Fà, tì. Fà, tì. Fà, tì.
Mẹ́ta wọlé, mẹ́ta jáde.
Wọ́rù rẹ́rìn-ín, ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sórí àga.
Lẹ́yìn náà ó mú aṣọ náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.
"Bàbá Lúsíà," ó ní, "ṣé ó lè padà síbẹ̀?"

Mo ní owó kan náà ni.