Tara Ẹni Là Á Kọ́kọ́ Gbọ̀n

Àbẹ́là ni mo ń yọ́ lórí sítóòfù
lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
kí n fi ya ẹja sára aṣọ funfun kó tó wọ inú aró.
Epo tán. Mi ò pa iná.
Mo ní, "Ìṣẹ́jú kan péré ni."
Kẹrosíìnì ọ̀hún, wọ́n ti fi bẹntiróòlù lù ú,
mi ò mọ̀.

Ìró rẹ̀ kò ju ti ẹni tó gbọn aṣọ tútù lọ.
Fáà!
Ẹja tí mo yà ń jó,
ọwọ́ tó yà á ń jó.

Ìyá Gbàdéró gbé epo pupa sáré dé,
ẹnìkan fọ́ ẹyin mẹ́ta lé mi láyà.
Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mi ò bú wọn.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi wà láàárín àgbàlá,
odò ń ṣàn lọ nísàlẹ̀ àdúgbò,
kò sẹ́ni tó bu omi sí mi lára.

Oṣù márùn-ún ní ọsibítù.
Nọ́ọ̀sì Adétóún a ní òun máa ka ení, èjì, ẹ̀ta
kí òun tó ṣí bándéèjì;
ní èjì ló máa ń fà á.
Mo tún ṣíbí dìmú kọ́ bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ tí mo délé, Fìjàbí ọmọ mi sá sẹ́yìn àga.
Ọjọ́ kẹrin ló tó fọwọ́ kan ìka mi,
ó ní, "Ó dà bí àbẹ́là tó ti dì."
Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni.

Àgbà ní bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni,
tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù.
Ó dáa. Mo ti gbọn tèmi,
ọdún mẹ́ta ló gbà mí.
Ó wá kan ti ọmọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ sílé-ìwé kan l'Ókè-Baálẹ̀,
mo ká apá aṣọ mi sókè,
mo jẹ́ kí wọ́n wò ó títí ojú fi mọ́ ọn lára.
Mo ní: ẹ pa sítóòfù, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tó rọ epo.
Bí iná bá mú aṣọ yín, ẹ má sáré,
eré ni iná ń fẹ́.
Ẹ ṣubú lulẹ̀, ẹ yí gbiri.
Lẹ́yìn náà, omi, omi tútù, títí yóò fi sú yín.
Ẹyin, ẹ dín in jẹ.

Ọmọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn:
"Màmá mi máa ń rọ epo sí i bó ṣe ń jó."
Kíláàsì pa lọ́lọ́.
Mo bèèrè ojúlé wọn.
A jọ ń lọ báyìí nínú oòrùn ọ̀sán,
ó di ìka mi tó dì mú.