Àmì Ara Ọkọ̀

Bàbá mi Evaristo kì í ka ìwé ìròyìn.
Ara ọkọ̀ ló ń kà.
Ní Rosario, níbi tí odò Paraná ti ń ru ẹrẹ̀ relé òkun,
á wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ní kùtùkùtù,
á tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọn nọ́ńbà funfun tí wọ́n kùn sídìí irin,
á kígbe sí àwọn tó ń da ẹ̀wà sóyà sókè:
"Ó ku ìka mẹ́ta! Ẹ rọra!"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo bi í:
ìṣó kékeré ń rì,
kí ló dé tí irin tó gùn tó àdúgbò wa kò rì?
Kò fèsì. Ó pọn omi kún ọpọ́n ìfọṣọ dé etí,
ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé e.
Omi ya sílẹ̀. Ìyá mi pariwo.
"Èyí tó dà sílẹ̀ yẹn, gbé e sórí ìwọ̀n.
Ìwúwo ìkòkò gan-an ni.
Omi kì í ṣahun, kì í sì í ta ọrẹ:
ààyè tí o bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀
ni yóò fi gbé ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi Leandro ní tirẹ̀ ń ha ìdí ọkọ̀ nísàlẹ̀ omi.
Ó ní etí ni omi kọ́kọ́ ń kàn,
bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí.
Ó ní kì í ṣòkè nìkan ló ti ń tẹni:
iwájú, ẹ̀yìn, abíyá, àtẹ́lẹsẹ̀,
ti ìsàlẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ti òkè lọ.
Díẹ̀ yẹn,
díẹ̀ yẹn náà ló ń gbé ọkọ̀.

Mo ti ẹyin bọ gíláàsì omi.
Ó jókòó sísàlẹ̀ bí ọmọ tó ń bínú.
Mo bu iyọ̀ sí i, ṣíbí mẹ́rin, ó kọ̀.
Ní ìkẹfà, ó dìde, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí Leandro bá ọkọ̀ lọ, tí kò sọ ọjọ́ àbọ̀,
ìyá mi sunkún títí ìborùn rẹ̀ fi rin.
Bàbá mi ń wo nọ́ńbà.
"Lọ́la tó bá dé omi iyọ̀," ó ní,
"yóò fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ga sí i."
Ṣé wọn óò sọ ẹrù kalẹ̀ ni?
"Rárá o. Ẹrù kan náà ni.
Omi ló yí padà."
Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́.