Òpó Kẹrin

Èmi ni mo ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì wa l'Álágbàká:
yàrá kan, fáànù kan tí ń ké bí ẹyẹ tó ṣìnà,
àwòrán Ọ̀nọ́rébù Akíntọ́mìdé lára ògiri,
ó ń rẹ́rìn-ín sí àga tí kò jókòó lé rí.

Lóṣooṣù ni ìwé ìjókòó Ilé ń dé láti Àbújá.
Mo mú rúlà, mo fa ìlà sínú ìwé olójú ewé ọgọ́rin,
mo pín in sí òpó mẹ́rin:
ọjọ́, àbá, ohun tó sọ, ibi tó já sí.
Òpó kẹrin ló sábà máa ń ṣófo.

Ọdún mẹ́rin, àbádòfin mọ́kànlá.
Ọ̀kan fún iléèwé gíga ìmọ̀ kòkó nílẹ̀ Ìdànrè:
wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, ó lọ sùn.
Ọ̀kan láti pa orúkọ àjọ kan dà:
wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ kékeré,
ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó dòní.
Ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n,
kí àwọn tó ń ra kòkó yé fi àtàǹpàkò tẹ ìwọ̀n.
Ìyẹn dùn mọ́ mi. Bàbá mi ta kòkó l'Ọ́wẹ̀nà
títí eyín rẹ̀ fi tẹ̀.
Abẹnugan ní kí wọ́n sún un síwájú.
Wọ́n sún un. Kò dúró mọ́.

Ẹ bi wọ́n l'Árákàlẹ̀, wọn á ní kò ṣe nǹkan kan,
àfi ìrẹsì, ọ̀kadà méje, ẹ̀rọ ìránṣọ.
Ó máa ń ṣe mí bíi kí n já wọn níyàn, ìwé wà lọ́wọ́ mi:
ìgbà mọ́kàndínlógún ló dìde sọ̀rọ̀.
Ká má purọ́, mẹ́fà nínú ẹ̀ kò ju
"Mo fara mọ́ ohun tí ẹni ìṣáájú sọ."

Ọjọ́ Ẹtì kan, nínú oṣù Ọ̀wàrà,
obìnrin kan wọlé, ẹrẹ̀ pupa dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.
Kò béèrè owó. Kò béèrè iṣẹ́ fún àbúrò.
Ó ní, "Wọ́n ní ẹ ní ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi sí."

Mo wá a. Mo rí i lójú ewé kọkànlélógójì.
Wọ́n kọ Aba Fágbohùn sí "Fágbọ́n";
ẹni tó tẹ ìwé ti yọ ohùn kúrò nínú ẹ̀.
Mo kà á sókè:
Ilé gbọ́ pé ọmọ iléèwé kan bá odò lọ
nígbà tí afárá onípákó já.
Ilé rọ àwọn tọ́rọ̀ kàn láti lọ wo afárá náà.
Gbogbo Ilé fọwọ́ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin.

"Ẹ tún un kà."
Mo tún un kà.
"Ẹ ò tíì dé ibi orúkọ rẹ̀."

Ó ní Ọ̀nọ́rébù wá sílé àwọn, ó jókòó lórí àpótí,
ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè orúkọ ọmọ náà,
ó fi báírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́,
ó ní òun á pè é níbẹ̀, lójú gbogbo wọn.

Bóyá ó pè é.
Bóyá akọ̀wé Ilé ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ nígbà náà.
Bóyá òógùn ti pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ́
kí ọkọ̀ òfurufú tó balẹ̀.
Ìwé ò sọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn kọ nǹkan sínú ìwé ìjọba.
Mo mọ̀. Mo mú báírò aláwọ̀ búlúù,
mo kọ ọ́ sí etí ìwé:
Bọ́sẹ̀dé Akínnúọyè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kíláàsì kẹrin.
Mo ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Ó fẹ́ san àádọ́ta náírà,
mo kọ̀, ó fi sórí tábìlì, ó lọ.
Ìwé náà ti wà ní ìṣẹ́po ìró rẹ̀.

Wọn ò tíì ṣe afárá. Mo gun ọ̀kadà débẹ̀ lọ́dún tó kọjá,
pákó tuntun ni wọ́n tò lé pákó àtijọ́.
Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé mi, ẹ wo ọjọ́ yẹn,
ẹ fi ìka tọ ìlà náà dé òpó kẹrin.
Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé:
ìyá rẹ̀ ti wá gbà á.